Ilé Àjọní: Bí Òfin Ṣe Ń Parí Ìjà Láàárín Àwọn Tí Wọ́n Jọ Ni Ilé ní Festac àti Àmúwò-Ọ̀dọ̀fin

Láti ọjọ́ 15 oṣù kìn-ín-ní títí di ọjọ́ 12 oṣù kejì ọdún 1977, àwọn ènìyàn dúdú láti orílẹ̀-èdè káàkiri ayé péjọ sí Èkó fún àjọ̀dún ńlá ti iṣẹ́ ọnà àti àṣà, èyí tí tọmọdé tàgbà mọ̀ sí FESTAC. Kí àwọn àlejò wọ̀nyí lè rí ibi fi orí lé, Ìjọba Àpapọ̀ kọ́ ìlú tuntun kan sí ẹ̀bá ọ̀nà tí ó ti Èkó lọ sí Àgbádárìgì. Ilé ẹgbẹẹgbẹ̀rún ni wọ́n kọ́ síbẹ̀, wọ́n la òpópónà sí i, wọ́n sì fi nọ́ńbà sọ òpópónà kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí àjọ̀dún parí, tí àlejò sì ti padà sí ilé wọn, wọ́n ṣẹ́ gègé lórí àwọn ilé náà; ẹni tí gègé bá mú a di onílé. Orúkọ ẹnì kan ṣoṣo ni ó sábà máa ń wà lórí ìwé ilé kan.

Ó ti lé ní ogójì ọdún tí èyí ti ṣẹlẹ̀. Púpọ̀ nínú àwọn tí gègé mú nígbà náà ni wọ́n ti re ibi tí àgbà ń rè. Ilé tí ó jẹ́ ti ẹnì kan lánàá ti di ti ènìyàn mẹ́fà tàbí mẹ́wàá lónìí. Ẹ jẹ́ kí a fi ojú inú wo irú ilé bẹ́ẹ̀. Ọmọ kan ń gbé inú rẹ̀; èkejì wà ní Ìbàdàn; ẹ̀kẹta ti fi Lọ́ńdọ̀ọ̀nù ṣe ilé. Ẹni tí ó wà nínú ilé ní òun ni òun ń tún òrùlé ṣe, òun ni òun ń san gbogbo owó tí ìjọba ń béèrè. Àwọn tí ó wà lẹ́yìn odi ń béèrè pé, owó tí ayálégbé ń san ńkọ́? Kí ó tó pẹ́, ọ̀kan nínú wọn a ti mú oníbàárà wá láti ra ilé náà, àwọn ọmọ ìyá a sì di ọ̀tá ara wọn.

Ìgbàgbọ́ wa ni pé ọ̀pọ̀ ènìyàn ń pàdánù ilé bàbá wọn nítorí pé wọ́n tọ ọ̀nà tí kò bá irú ìní wọn mu, kì í ṣe nítorí pé òfin kò ní ọ̀nà. Nítorí náà, kí a tó béèrè pé kóòtù wo ni kí a gbà lọ, ìbéèrè méjì ni ó yẹ kí a kọ́kọ́ dáhùn: Kí ni ó sọ wá di ẹni tí ó jọ ni ilé? Ta ni ó sì ni ilẹ̀ tí ilé náà dúró lé?

KÍ NI Ó SỌ WÁ DI ALÁJỌNÍ?

Ọ̀nà kìíní ni kí ènìyàn méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ fi owó ara wọn jọ ra ilé, kí orúkọ wọn sì jọ wà nínú ìwé. Irú èyí pín sí méjì nínú òfin tí a jogún láti ọ̀dọ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Nínú èkíní, àwọn méjèèjì jẹ́ bí ẹnì kan ṣoṣo: bí ọ̀kan bá kú, gbogbo ilé di ti ẹni tí ó kù láàyè, ọmọ olóògbé kò sì ní ìpín níbẹ̀. Nínú èkejì, olúkúlùkù ni ó ni ìpín tirẹ̀, bí a kò tilẹ̀ tíì fi ògiri pààlà sí i. Ó lè ta ìpín náà, ó lè fi í sílẹ̀ fún ọmọ rẹ̀ nínú ìwé ìhágún. Ọ̀rọ̀ díẹ̀ nínú ìwé ni ó ń ya méjèèjì sọ́tọ̀, nítorí náà kí tọkọtaya tí wọ́n bá jọ ń ra ilé má ṣe fi ọwọ́ sí ìwé kí wọ́n tó béèrè èyí tí ó jẹ́ tiwọn.

Ọ̀nà kejì ni ogún lábẹ́ àṣà ìbílẹ̀. Bí Yorùbá kan tí ó gbé ìyàwó ní ìlànà ìbílẹ̀ bá kú láìṣe ìwé ìhágún, ilé rẹ̀ di ilé ẹbí fún gbogbo ọmọ rẹ̀. Níhìn-ín, kò sí ọmọ tí ó lè nawọ́ sí yàrá kan kí ó ní èyí ni tòun láti tà. Ní Èkó ní ọdún 1931, nínú ẹjọ́ Ogunmefun àti Ogunmefun, ilé ẹjọ́ sọ pé ọmọ ẹbí kan kò lè fi ìwé ìhágún fi ìpín rẹ̀ nínú ohun ẹbí tí a kò tíì pín sílẹ̀ fún ẹlòmíràn. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ẹni tí ó bá fi owó ara rẹ̀ tún ilé ẹbí ṣe tàbí tí ó kọ́ yàrá kún un kò tipa bẹ́ẹ̀ sọ ilé náà di tirẹ̀. Ó yẹ kí ọmọ tí ó tún òrùlé ṣe nínú àpẹẹrẹ wa mọ èyí dáadáa.

Olórí ẹbí ni ó ń ṣe àkóso irú ilé bẹ́ẹ̀. Ẹjọ́ Lewis àti Bankole, tí wọ́n dá ní Èkó ní ọdún 1908, ni ó la ọ̀nà fún wa. Ó ní àkọ́bí ọkùnrin, ẹni tí à ń pè ní Dáwódù, ni ó ń jẹ olórí lẹ́yìn bàbá. Bí Dáwódù bá sì kú, ẹni tí ó dàgbà jù nínú àwọn ọmọ olóògbé tí ó kù láàyè ni ipò náà kàn, ìbáà ṣe ọkùnrin tàbí obìnrin. Ẹ kíyè sí i pé ó ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún tí ilé ẹjọ́ ti sọ̀rọ̀ yìí, síbẹ̀ a ṣì ń gbọ́ lẹ́nu àwọn kan pé obìnrin kò lè jẹ olórí ẹbí.

Ọ̀nà kẹta ni ogún lábẹ́ òfin ìgbéyàwó olórùka. Láti ìgbà ẹjọ́ Cole àti Cole ní Èkó ní ọdún 1898 ni ó ti yé wa pé ẹni tí ó ṣe irú ìgbéyàwó bẹ́ẹ̀ lè yọ ogún rẹ̀ kúrò lábẹ́ àṣà. Ìpín tí òfin yàn wà fún ìyàwó tàbí ọkọ tí ó kù, ìpín àwọn ọmọ sì wà lọ́tọ̀.

Níwọ̀n bí ó ti jẹ́ pé ọmọ oríṣiríṣi ẹ̀yà ni ó ń gbé Festac, ó tọ́ kí a mẹ́nu ba ẹjọ́ Ukeje àti Ukeje, tí Ilé Ẹjọ́ Tí Ó Ga Jù Lọ dá ní ọdún 2014. Ọmọ Ìgbò kan tí ó ń gbé Èkó ni ó kú ní ọdún 1981 láìṣe ìwé ìhágún. Wọ́n ní ọmọ rẹ̀ obìnrin kò lè jogún. Ilé ẹjọ́ dáhùn pé àṣà tí ó bá dí ọmọbìnrin lọ́wọ́ láti jogún bàbá rẹ̀ lòdì sí ìwé òfin ilẹ̀ wa.

A kò gbọdọ̀ gbàgbé oríṣi kan sí i, èyí tí ó wọ́pọ̀ nínú àwọn ilé alájà púpọ̀ ní Festac. Olúkúlùkù ni ó ni fúláàtì tirẹ̀, ṣùgbọ́n àtẹ̀gùn, òrùlé àti ọ̀nà omi ẹ̀gbin jẹ́ ti gbogbo wọn. Bí òrùlé bá ń jò, ẹni tí ó wà lókè ni omi ń bá, ẹni tí ó wà nísàlẹ̀ a sì ní kò kan òun. Oògùn irú ìjà yìí ni kí àwọn onílé jọ kọ àdéhùn sílẹ̀ lórí iye tí olúkúlùkù yóò máa dá àti ẹni tí yóò máa tọ́jú owó náà, kí òjò tó dé.

TA NI Ó NI ILẸ̀?

Ní àgbègbè yìí, ilẹ̀ oríṣi mẹ́ta ni ó wà ní ẹ̀gbẹ́ ara wọn. Ìkíní ni ilẹ̀ Ìjọba Àpapọ̀, èyí tí Festac fúnra rẹ̀ dúró lé. Federal Housing Authority, àjọ tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 1973, ni ó ń fún onílé níbẹ̀ ní ìwé. Ìkejì ni ilẹ̀ tí ó wà lábẹ́ Ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó, irú èyí tí ìjọba Lateef Jakande kọ́ ilé sí láàárín ọdún 1979 sí 1983. Ìkẹta ni ilẹ̀ àwọn ẹbí Àwórì, àwọn tí ó ti wà ní àgbègbè náà kí òpópónà tó dé.

Òfin Ilẹ̀ ti ọdún 1978 fi ilẹ̀ ìpínlẹ̀ sí abẹ́ Gómìnà, ṣùgbọ́n kò fọwọ́ kan ilẹ̀ tí ó ti jẹ́ ti Ìjọba Àpapọ̀. Nítorí náà, ẹni tí ó bá ń ta ilé ní Festac gbọ́dọ̀ wá ìyọ̀ǹda lọ sí ọ̀dọ̀ Ìjọba Àpapọ̀. Ẹni tí ilé rẹ̀ wà lórí ilẹ̀ ìpínlẹ̀ gbọ́dọ̀ gba ìyọ̀ǹda Gómìnà. Òfin kan náà sọ pé, bí ẹni tí ó ni ìwé ilẹ̀ ìjọba bá kú, a kò gbọdọ̀ gé ẹ̀tọ́ ilẹ̀ náà sí wẹ́wẹ́ láàárín àwọn tí ó jogún rẹ̀ láìgba ìyọ̀ǹda. Bí ó bá sì ti kan wíwó ògiri tàbí kíkọ́ òmíràn, ọ̀rọ̀ ètò ìlú ni ó dé yẹn. Ní ọdún 2003, nínú ẹjọ́ tí Ìpínlẹ̀ Èkó pe Ìjọba Àpapọ̀, Ilé Ẹjọ́ Tí Ó Ga Jù Lọ sọ pé ti ìpínlẹ̀ ni ètò ìlú. Ẹni tí ó bá fẹ́ la ilé Festac sí méjì yóò kan ilẹ̀kùn méjì nìyẹn.

Ní ti ilẹ̀ ẹbí, kò sí ẹjọ́ tí ó sún mọ́ wa ju ti Olóyè Olúwa lọ. Ìjọba gba ilẹ̀ rẹ̀ ní Àpápá, níbi tí kò jìnnà sí Àmúwò, wọ́n sì fẹ́ san gbà-máà-bínú kékeré. Àmódù Tìjání Olúwa gbé ẹjọ́ náà dé iwájú Privy Council ní Lọ́ńdọ̀ọ̀nù, ó sì jàre ní ọdún 1921. Ilé ẹjọ́ gbà pé ti ẹbí àti ti ìlú ni ilẹ̀ ní ilẹ̀ wa, pé alábòójútó ni olóyè tàbí olórí jẹ́. Ìlànà yìí ni a fi ń bá olórí ẹbí tí ó bá fẹ́ dá owó ilẹ̀ jẹ wí títí di òní.

Ọ̀NÀ ÌLÀJÀ

Wàyí o, bí a bá ti mọ irú ìní tí a ní àti ẹni tí ó ni ilẹ̀, ẹ jẹ́ kí a yẹ àwọn ọ̀nà wò. Èkíní ni ìpàdé ẹbí, àwọn àgbà sì ti sọ pé ọ̀rọ̀ rere ní í yọ obì lápò. Ṣùgbọ́n ìpàdé tí a kò kọ ìpinnu rẹ̀ sílẹ̀, ìjà ọdún tí ń bọ̀ ni ó ń bí. Kí a kọ ẹni tí yóò gbé inú ilé, ẹni tí yóò máa gba owó ayálégbé, ìgbà tí yóò máa jíyìn, àti bí a ó ṣe máa yọ owó àtúnṣe. Kí gbogbo ẹni tí ó ní ẹ̀tọ́ fi ọwọ́ sí i, àní àwọn tí ó wà lókè òkun pàápàá.

Ní ti pínpín owó ilé, ìjà tí ó máa ń wà ni bóyá ìdí igi ni a ó fi pín in tàbí orí-ó-jorí. Suberu Dawodu kú ní Èkó, ó fi ọmọ mẹ́sàn-án tí ìyàwó mẹ́rin bí sílẹ̀. Ẹjọ́ ogún rẹ̀ dé Privy Council, ìdájọ́ sì jáde ní ọdún 1962 pé ìdí igi ni àṣà Yorùbá, àfi bí olórí ẹbí, nígbà tí ìjà bá wà, bá rí i pé orí-ó-jorí ni ó tọ́. Ìyàtọ̀ náà kì í ṣe kékeré. Bí owó ilé ọdún kan bá jẹ́ ₦3,600,000, ìdí igi kọ̀ọ̀kan nínú mẹ́rin yóò gba ₦900,000: ọmọ tí ó bá jẹ́ òun nìkan ni ìyá rẹ̀ bí yóò gba gbogbo rẹ̀, àwọn mẹ́rin tí ó bá jẹ́ ọmọ ìyá kan náà yóò gba ₦225,000 lẹ́nì kọ̀ọ̀kan. Bí ó bá jẹ́ orí-ó-jorí, ₦400,000 ni yóò kan olúkúlùkù.

Bí ẹbí kò bá lè dá a yanjú, onílàjà wà. Citizens' Mediation Centre, tí ó wà lábẹ́ Ilé Iṣẹ́ Ètò Ìdájọ́ ti Ìpínlẹ̀ Èkó, ń parí ìjà fún ènìyàn láìgba owó. Lagos Multi-Door Courthouse, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 2002, so mọ́ Ilé Ẹjọ́ Gíga. Bí àwọn oníjà bá ti fohùn ṣọ̀kan níbẹ̀, tí adájọ́ sì fi òǹtẹ̀ lu àdéhùn wọn, ó ní agbára bí ìdájọ́. Onílàjà kì í dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi. Ó ń ràn wọ́n lọ́wọ́ láti rí ohun tí wọ́n lè jọ gbà ni. Ọ̀nà yìí ni ó dára jù fún ohun tí adájọ́ kò lè pa láṣẹ ní ìrọ̀rùn, irú bíi pé kí ẹni tí ó ń gbé inú ilé ra ìpín àwọn yòókù díẹ̀díẹ̀. Ká ní ìpín àwọn mẹ́rin dọ́gba, tí adíyelé sì ní ilé náà tó ₦60,000,000; ẹni tí ó bá fẹ́ dá a ni yóò san ₦45,000,000 fún àwọn mẹ́ta, wọ́n sì lè fún un ní ọdún mẹ́ta láti san án.

Àwọn tí ó bá fẹ́ ìdájọ́ gan-an láìdé kóòtù lè yan adájọ́ fúnra wọn, òfin ọdún 2023 lórí irú ìdájọ́ àdáyàn bẹ́ẹ̀ sì ti wà. Ìdájọ́ àwọn àgbà ìlú pàápàá kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnu lásán. Ní ọdún 1991, nínú ẹjọ́ Agu àti Ikewibe, Ilé Ẹjọ́ Tí Ó Ga Jù Lọ gbà pé ó lè de àwọn oníjà, bí ó bá ṣe pé tinútinú ni wọ́n fi gbé ọ̀rọ̀ náà síwájú àwọn àgbà, tí wọ́n gbà ṣáájú pé àwọn yóò tẹ̀ lé e, tí wọ́n sì tẹ́wọ́ gbà á.

BÍ Ó BÁ DI TI ILÉ ẸJỌ́

Ilé Ẹjọ́ Gíga ni Òfin Ilẹ̀ gbé ẹjọ́ ilẹ̀ tí ó ní ìwé ìjọba lé lọ́wọ́. Ohun tí a lè béèrè níbẹ̀ kì í ṣe ẹyọ kan. A lè ní kí ilé ẹjọ́ kéde pé ilé ẹbí ni ilé náà. A lè ní kí ẹni tí ó ń gba owó ayálégbé wá jíyìn. A lè ní kí ó dá ẹni tí ó fẹ́ ta ilé dúró títí ẹjọ́ yóò fi parí.

Bí ẹnì kan bá ti tà á ńkọ́? Lórí ilé ẹbí, ẹjọ́ Ekpendu àti Erika ti ọdún 1959 ti fi ìlànà lélẹ̀. Bí àwọn ọmọ ẹbí bá tà á láìsí olórí ẹbí, òfo ni títà náà láti ìbẹ̀rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ olórí ẹbí ni ó tà á láìgba ohùn àwọn àgbà ẹbí yòókù, títà náà dúró títí àwọn tí ọ̀rọ̀ kàn yóò fi ní kí ilé ẹjọ́ wọ́gi lé e. Nítorí náà, ẹni tí ó bá fẹ́ wọ́gi lé irú títà bẹ́ẹ̀ kò gbọdọ̀ sùn. Bí ó bá dákẹ́ tí ẹni tí ó rà á sì kọ́ ilé ńlá síbẹ̀, ilé ẹjọ́ lè má gbọ́ tirẹ̀ mọ́. Ní Ìpínlẹ̀ Èkó, ọdún 12 ni òfin fún ẹni tí ó fẹ́ gba ilẹ̀ padà lọ́wọ́ ẹlòmíràn.

Èyí tí ó wúwo jù ni pínpín tàbí títà nípa àṣẹ ilé ẹjọ́. Láti ìgbà ẹjọ́ Lopez àti Lopez ní ọdún 1924 ni ó ti hàn pé, bí àwọn kan nínú ẹbí bá ń dí àwọn yòókù lọ́wọ́ láti jẹ àǹfààní ohun tí wọ́n jọ ni, ilé ẹjọ́ lè ní kí a pín in. Bí a bá ti pín in, ilé ẹbí ti tán. Olúkúlùkù di olówó ìpín tirẹ̀. Ilẹ̀ gbalasa ṣeé pín bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n báwo ni a ó ṣe pín fúláàtì oníyàrá mẹ́ta, tí ó ní ilé ìdáná kan ṣoṣo, fún ọmọ mẹ́sàn-án? Kò ṣeé ṣe. Níbi tí pínpín kò bá ti ṣeé ṣe, ohun tí ó kù ni kí a tà á kí a pín owó rẹ̀. Ìdí nìyí tí mo fi sọ pé kí ọmọ Festac ronú dáadáa kí ó tó pe ẹjọ́ pínpín: ohun tí ó pè ní pínpín lè di títà, kí ilé bàbá rẹ̀ sì bọ́ sọ́wọ́ àjèjì.

OHUN TÍ KÒ YẸ KÍ A ṢE

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe kó jàǹdùkú lọ lé ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò rẹ̀ jáde. Òfin Ìpínlẹ̀ Èkó ti ọdún 2016 lórí ààbò ohun ìní sọ ọ́ di ẹ̀ṣẹ̀ láti fi ipá gba ilé tàbí ilẹ̀, ẹ̀wọ̀n ọdún 10 sì lè jẹ́ èrè rẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe lọ dá gba ìwé àṣẹ ìṣàkóso ogún kí ó wá rò pé òun ni òun ni ilé. Alábòójútó ni ìwé náà sọ ọ́ dà, ó sì gbọ́dọ̀ jíyìn fún àwọn tí ó jọ jogún. Kí ẹni tí ó bá ń ra ilé má sì gba ọ̀rọ̀ ẹnì kan ṣoṣo nínú ẹbí gbọ́, nítorí agbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà, òun náà ni yóò sì pàdánù owó rẹ̀.

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, ẹ padà wo ilé tí a fi ṣe àpẹẹrẹ. Ọmọ tí ó tún òrùlé ṣe kò purọ́. Àwọn tí ó ń béèrè owó ilé kò sì purọ́. Bí wọ́n bá jókòó, kí wọ́n yọ owó òrùlé nínú owó ilé, kí wọ́n sì pín èyí tí ó kù, ìjà parí. Bí wọ́n kò bá lè jókòó, kí wọ́n wá onílàjà. Bí ẹnì kan bá fẹ́ tà á lójú gbogbo wọn, ẹ má ṣe jáfara, ẹ sáré gba àṣẹ ilé ẹjọ́ láti dá a dúró. Ṣùgbọ́n kí ẹjọ́ pínpín jẹ́ ìgbẹ̀yìn. A kì í ti kóòtù dé kí a ṣe ọ̀rẹ́, ni àwọn àgbà wí. Bàbá tí gègé mú ní Festac kò fi ilé náà sílẹ̀ kí àwọn ọmọ rẹ̀ lè máa pàdé ara wọn níwájú adájọ́.

Kí bàbá tí ó ṣì wà láàyè kí ó sì kọ ìwé ìhágún rẹ̀ lónìí, kí ó sọ ẹni tí ilé yóò jẹ́ tirẹ̀ àti bí wọn yóò ṣe máa lò ó. Ìwé ojú kan bẹ́ẹ̀ lè gba ọmọ mẹ́sàn-án lọ́wọ́ ẹjọ́ ogún ọdún.